Ṣé ìkìlọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ orí fóònù tó ohun tí à ń gbára lé?

Ìbéèrè òǹkàwé kan: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìlú tí ilẹ̀ ti máa ń mì ni mò ń gbé. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni fóònù mi ti ké ìkìlọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, a kó àwọn ọmọ sáré jáde, a dúró títí, ilẹ̀ ò mì rárá. Nígbà kejì, àwo ti ń ró nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí fóònù tó ké. Ìyàwó mi ní kí n pa nǹkan náà, pé ariwo lásán ni. Ṣé ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí wọ́n kàn ń fi í da àwọn èèyàn láàmú ni?"

Ẹ ṣé, arákùnrin wa. Ẹ kú ìpayà, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ.

Ẹ má pa á. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe kéré sí èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbé lé e lórí. Ohun méjèèjì tó ṣẹlẹ̀ sí yín kì í ṣe tuntun létí àwa tí a máa ń yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mì. Èyí tó pẹ́, bí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe ń rìn ló fà á, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe tán. Èyí tó dún lásán, a lè mú un kúrò lọ́la tó bá wù wá, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tó yẹ kó dún lọ́jọ́ ewu gan-an ni yóò bá a lọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àṣìlóye kan kúrò nílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ pé ilẹ̀ yóò mì lọ́la tàbí ní wákàtí tó ń bọ̀. USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀, sọ ọ́ gbangba pé kò sí onímọ̀ kankan tó tíì sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìmìtìtì ńlá kan rí. Ohun tí fóònù yín ń ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn. Ilẹ̀ ti ya níbì kan, ìmìtìtì náà ti wà lójú ọ̀nà, fóònù sì ń wá bí òun ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín ṣáájú rẹ̀. Eré ìje ni, ó sì lè pa á láyò, ó sì lè jẹ́ pé òun ni wọ́n máa pa láyò.

Ohun tó mú kí eré náà ṣeé sá rárá ni pé, nígbà tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ bá ya, oríṣi ìgbì méjì ló ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ fura sí i, ajá ló máa kọ́kọ́ gbé etí sókè. Èkejì ń tẹ̀ lé e ní bíi kìlómítà 3 ààbọ̀, òun ló ń mi ilé jìgìjìgì. Bí mànàmáná ṣe ń kọ kí àrá tó sán ni: bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà sí yín tó ni àyè tó wà láàárín méjèèjì ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ̀rọ akíyèsí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ á gbọ́ ìgbì àkọ́kọ́, á fi iṣẹ́ ránṣẹ́, iṣẹ́ náà á sì gba orí wáyà tàbí afẹ́fẹ́ lọ pẹ̀lú eré tí ìgbì inú ilẹ̀ kò lè bá mọ́. Èrò yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1868, dókítà kan tó ń jẹ́ J. D. Cooper kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní San Francisco pé kí wọ́n lo wáyà tẹligíráàfù, kí agogo lè máa lù nínú ìlú kí ìmìtìtì tó dé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìlú ńlá kankan tó ní irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan pọ̀. Ká ní ilẹ̀ ya ní kìlómítà 10 sísàlẹ̀, tí ẹ̀rọ akíyèsí tó sún mọ́ ọn jù sì wà ní kìlómítà 10 sí ọ̀gangan ibẹ̀ lórí ilẹ̀. Ìgbì àkọ́kọ́ á kan ẹ̀rọ náà ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 2 ààbọ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní torí ìró ẹyọ kan ké gbàjarè. Ó fẹ́ fetí sí i fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 3 sí i, kí àwọn ẹ̀rọ mìíràn nítòsí sì jẹ́rìí sí i. Ìṣirò àti fífi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ á tún jẹ 1 tàbí 2. Ó ti di 7 báyìí, láàárín 7 yẹn sì rèé, ìgbì kejì ti rin bíi kìlómítà 24. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé láàárín nǹkan bíi kìlómítà 20 sí ibi tí ilẹ̀ ti ya, ilé á ti máa mì mọ́ ọn lórí kí fóònù tó dún. Ẹni tó wà ní kìlómítà 30 á rí ìṣẹ́jú àáyá 2, kí ó fi gbórí sókè. Ẹni tó wà ní kìlómítà 100 á rí bíi 20, èyí tó tó láti pa gáàsì, kéèyàn sì wọ abẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n bí ìmìtìtì náà bá jẹ́ oníwọ̀n 6 (iye yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ bí ìmìtìtì ṣe tóbi tó), tó bá fi máa dé kìlómítà 100, gíláàsì lórí tábìlì ni yóò kàn máa gbọ̀n.

Ẹ rí ibi tó ń lọ. Ẹni tó sún mọ́ ewu jù ni ìkìlọ̀ kì í bá. Ẹni tí ìkìlọ̀ ń bá dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà, ewu náà kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀rọ yìí ti ń gba ẹ̀mí là: àwọn tó jìnnà díẹ̀ sí ìmìtìtì tó le gan-an.

Mexico City ló fi èyí hàn jù. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ilẹ̀ ya létí Òkun Pàsífíìkì, ó lé ní kìlómítà 350 sí ìlú náà, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú láàárín ìlú, torí pé orí ilẹ̀ adágún àtijọ́, ilẹ̀ rírọ̀ tó máa ń mú ìmìtìtì le sí i, ni wọ́n kọ́ apá púpọ̀ nínú rẹ̀ lé. Jíjìnnà tó yẹ kó gbà wọ́n kò gbà wọ́n, àmọ́ àyè ńlá wà nínú rẹ̀. Wọ́n to ẹ̀rọ akíyèsí sí etíkun Guerrero. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991, ó sì di ti gbogbo ará ìlú ní 1993. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 1995, ìmìtìtì oníwọ̀n 7.3 gbéra ní etíkun yẹn, ìkìlọ̀ sì dún ní ìlú ní ìṣẹ́jú àáyá 72 kí ó tó wọlé. Ohun tí gbogbo wa ń lá lálàá nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2017, oníwọ̀n 8.2 tún ṣẹlẹ̀ nítòsí Chiapas, ọ̀nà jíjìn réré, àwọn ará ìlú sì rí ju ìṣẹ́jú kan gbáko lọ. Ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 19 pé, àyájọ́ ti 1985. Wọ́n ṣe ìfidánrawò ní agogo 11 àárọ̀: fèrè ké, àwọn èèyàn jáde sí ojú títì, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní agogo kan kọjá ìṣẹ́jú 14, ilẹ̀ ya ní bíi kìlómítà 120 péré sí ìlú, láàárín ilẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ akíyèsí kò pọ̀ tó bíi ti etíkun. Oníwọ̀n 7.1 ni, agbára rẹ̀ kò sún mọ́ ti ọjọ́ 12 ṣáájú rárá. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ilé ti ń mì kí fèrè tó ké. Ó lé ní 360 èèyàn tó bá a lọ. Fèrè kan náà, ìlú kan náà, oṣù kan náà. Tí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé ti Mẹ́síkò dára, èmi náà máa ń bi í pé ìmìtìtì wo ló ń wí.

Torí náà, àwo tó ró ṣáájú fóònù yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó kàn túmọ̀ sí pé ibi tí ilẹ̀ ti ya kò jìnnà sí yín. Ẹ ò sì dá wà. Àwọn olùwádìí Google tẹ àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní oṣù Keje 2025, nípa ìkìlọ̀ tí fóònù Android ń fi ránṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 98. Nínú àwọn tó dáhùn ìbéèrè wọn lẹ́yìn tí ìkìlọ̀ dé, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn mọ̀ pé ilẹ̀ mì. Ní ti àkókò, 36 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìkìlọ̀ kọ́kọ́ dé, 28 ní ó bá ilẹ̀ lẹ́nu mímì, 23 sì ní ìgbà tó mì tán ló tó dé. Bí mo bá jẹ́ oníròyìn, 36 yẹn ni mo máa fi ṣe àkọlé, màá sì sọ pé ẹ̀rọ náà ti kùnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìkìlọ̀ bá lẹ́nu mímì kò pàdánù gbogbo rẹ̀. Ìmìtìtì ńlá kì í fi agbára rẹ̀ hàn tán ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó le jù lè ṣì ń bọ̀.

Ó ku ti àkọ́kọ́, èyí tó dún tí ẹ ò rí nǹkan kan. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti gbòòrò.

Ìkìlọ̀ tí ilẹ̀ kò mì rárá níbikíbi, tó jẹ́ irọ́ pátá, ṣọ̀wọ́n. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ilẹ̀ mì ní tòótọ́, kò kàn dé ọ̀dọ̀ yín tó bí ara á ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń rìn lójú títì lè má mọ nǹkan kan, kí ẹni tó jókòó ní òkè kẹjọ nínú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dì mọ́ ògiri. Ilé tó wà lórí àpáta àti ilé tó wà lórí ilẹ̀ rírọ̀ kì í rí ohun kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ aládùúgbò. Kọ̀ǹpútà kò mọ ilé yín. Ó ń fojú bu ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní gbogbo àgbègbè náà ni.

Ẹ óò wá sọ pé: kí ló dé tí wọn kò fi dúró kó dá wọn lójú kí wọ́n tó ké? Sarah Minson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní USGS ti fún ìbéèrè yìí lésì ní 2018 àti 2019, èsì náà kò sì dùn létí. Ìmìtìtì kì í di ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yíya náà ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, bíi kìlómítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó bá sì ṣe ń rìn ni ìwọ̀n rẹ̀ ń ga. Ìmìtìtì oníwọ̀n 8 àti oníwọ̀n 6 jọ ara wọn gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló rí. Bó bá dúró títí ó fi dá a lójú pé ti yín máa le, ìgbì tó le náà á ti dé tàbí kó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ fi lè rí àyè tó pọ̀ kí ìmìtìtì tó le tó dé ni kí wọ́n máa kìlọ̀ fún yín nígbà tí ohun tí wọ́n rí kò tíì ju èyí tó lè mi gíláàsì lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, gíláàsì nìkan náà ni yóò mì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ilé ni.

Àwọn ará Los Angeles fi ẹnu ara wọn sọ èyí tí wọ́n fẹ́. Ní oṣù Keje 2019, ìmìtìtì oníwọ̀n 6.4 ṣẹlẹ̀ ní Ridgecrest, ní bíi kìlómítà 200 sí wọn. Ọjọ́ kejì, oníwọ̀n 7.1. Áàpù ìkìlọ̀ ìlú náà dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà méjèèjì. Ẹ̀rọ kò kùnà o. Ó rí i, ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé ohun tó máa dé ìlú kò tó ìwọ̀n tí wọ́n ní kó máa torí rẹ̀ ké, òótọ́ sì ni, ilé kò wó. Síbẹ̀ àwọn èèyàn bínú: ilẹ̀ mì, èmi mọ̀ ọ́n lára, fóònù mi kò sọ nǹkan kan! Ìjọba ní láti rẹ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Ní Taiwan, lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024, ti wọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmìtìtì Hualien tí àjọ wọn padà wọ̀n sí 7.2, kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ pè é ní 6.8. Torí ìyàtọ̀ kékeré yẹn, ohun tó ṣírò fún Taipei kò tó ìwọ̀n ìkìlọ̀, fóònù àwọn ará olú-ìlú kò sì ké, ilé ń fì sọ́tùn-ún sósì.

Japan pàápàá, tí ẹ̀rọ akíyèsí wọn pọ̀ gan-an, kan ìdènà yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2011, ìkìlọ̀ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 8.6 lẹ́yìn tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ gbọ́ ìró. Iṣẹ́ takuntakun nìyẹn; àwọn ará Sendai rí bíi ìṣẹ́jú àáyá 15. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà sọ nígbà náà ni 7.2. Ó ń ga sí i títí ó fi dé 8.1, ó dúró síbẹ̀. Ti òótọ́ ni 9.0. Ilẹ̀ náà ń ya lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, kọ̀ǹpútà sì ń ṣírò bí ẹni pé ojú kan ló wà, èyí ló fà á tí ohun tí wọ́n ṣírò fún agbègbè Tokyo fi kéré sí ohun tó dé bá wọn. Láti 2018, wọ́n ti fi ọgbọ́n mìíràn kún un: kò bìkítà ibi tí ilẹ̀ ti ya rárá, ohun tí ẹ̀rọ tó wà nítòsí yín ń rí lọ́wọ́ ló ń wò, á sì sọ pé ohun tó ń mi aládùúgbò yín ń bọ̀ wá mi ẹ̀yin náà. Àyè tí ọgbọ́n yìí ń fúnni kò pọ̀, àmọ́ ìwọ̀n ńlá kì í tàn án jẹ.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Túrkì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2023, ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 17 ìdájí, ilẹ̀ ya ju kìlómítà 300 lọ, oníwọ̀n 7.8. Ó lé ní 50,000 èèyàn tó kú ní orílẹ̀-èdè náà. Fóònù Android tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn èèyàn mọ̀ pé ilẹ̀ ń mì. Wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Google wọ̀n ọ́n sí láàárín 4.5 sí 4.9. Oríṣi ìkìlọ̀ méjì ni Google ní. Ọ̀kan máa ń gba gbogbo ojú fóònù, ó sì máa ń ké tòò, bí ẹ tilẹ̀ ti pa ohùn fóònù. Èkejì kàn máa ń wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni. Láàárọ̀ yẹn, àwọn bíi ìdajì mílíọ̀nù gba èyí tí kì í jí ènìyàn. Àwọn tó gba èyí tó ń jí ènìyàn jẹ́ 469. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà tún ìṣirò wọn ṣe, tí wọ́n sì tún fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà dán an wò, kọ̀ǹpútà fi ìkìlọ̀ tó ń jí ènìyàn ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù 10 fóònù.

Nínú àbọ̀ ìwádìí kan náà yẹn, ẹ óò rí i pé nínú 1,279 ìmìtìtì tí wọ́n kìlọ̀ fún títí di oṣù Kẹta 2024, 3 péré ló jẹ́ irọ́. Ẹ wo bí iye yẹn ṣe wuyì tó! Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún yín, òun ló máa kọ́kọ́ fi hàn yín. Ṣùgbọ́n ìdájí Túrkì náà wà nínú 1,279 yẹn, kò sì sí lára àwọn irọ́ mẹ́ta náà, nítorí pé ilẹ̀ mì lóòótọ́, ìkìlọ̀ sì jáde. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi ka iye irọ́ kí n tó béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn: mélòó nínú àwọn tí ilé wọn mì dé ibi ewu ló gbọ́ ìkìlọ̀ tó ń jí ènìyàn, kí ó tó mì? Ìbéèrè yẹn ni àwọn tó ń ta ọjà kì í fẹ́ dáhùn.

Àwọn irọ́ gidi máa ń pani lẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀rù bá ti lọ. Nínú mẹ́ta ti Google, ìjì àti àrá ló fa méjì, ẹ̀kẹta sì jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí ọ̀pọ̀ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn gbọ̀n, kọ̀ǹpútà sì rò pé ilẹ̀ ni. Ní Japan, ní oṣù Kìíní 2018, ilẹ̀ mì díẹ̀ ní ibi méjì tó jìnnà síra, ní Ibaraki àti Toyama, ní àkókò kan náà. Kọ̀ǹpútà pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan ńlá, fóònù sì ké káàkiri Tokyo. Ní California, ní oṣù Kẹwàá 2023, áàpù MyShake ṣe ìfidánrawò tó yẹ kó wáyé ní agogo 10:19 òwúrọ̀. Agogo 3:19 òru ló dún, ẹnì kan ṣi àkókò ibì kan fún ti ibòmíràn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ọ́ṣe tó ènìyàn bó bá di irú èyí.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Wọn kò sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí arọ náà ní. Ohun tí ẹ bá fi àyè náà ṣe ló kù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ti ń já ènìyàn sílẹ̀, àbí kí n sọ pé ènìyàn ló ń já ẹ̀rọ sílẹ̀. Ìwádìí ní Japan fi hàn pé lẹ́yìn tí ìkìlọ̀ bá ké, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ju pé kí wọ́n dúró lójú kan, kí wọ́n máa wò, kí wọ́n sì múra ọkàn sílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí ìkìlọ̀ náà ń dé ọ̀dọ̀ wọn kì í dúró wò. Ọkọ̀ ojú irin kì í bi ìyàwó rẹ̀ léèrè kó tó tẹ bíréèkì. Ní 2011, ọkọ̀ ayára Shinkansen 27 ló wà lórí ìrìn ní ọ̀nà Tohoku. Bíréèkì já lé gbogbo wọn fúnra rẹ̀, ìkankan nínú èyí tó gbé èrò kò yà kúrò lójú irin. Ní oṣù Kẹta 2022, ìmìtìtì mìíràn ní Fukushima yọ ọkọ̀ kan kúrò lójú irin, 16 nínú àwọn ọkọ̀ èrò 17 tó so mọ́ra wọn di ọkọ̀ náà ló yà, ẹnikẹ́ni kò kú nínú rẹ̀. Líìfùtù tó ń dúró ní òkè tó kàn kí ó ṣílẹ̀kùn, páìpù gáàsì tó ń ti ara rẹ̀, ilẹ̀kùn ibùdó panápaná tó ń ṣí kí ó má baà há mọ́ ọkọ̀ nínú: bí ẹ bá ní kí n sọ ibi tí owó orílẹ̀-èdè ti wúlò jù nínú iṣẹ́ yìí, àwọn wọ̀nyí ni màá tọ́ka sí kí n tó dárúkọ fóònù.

Wàyí o, ti ilé yín. Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tó kọ mí lóminú ju ìkìlọ̀ méjèèjì lọ: ẹ sáré jáde. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ mì lóòótọ́, ìgbà tí ẹ bá wà lórí àtẹ̀gùn tàbí lẹ́nu ọ̀nà ni yóò bá yín, níbi tí bíríkì àti gíláàsì ti ń já bọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 10 kò tó kó ọmọ jáde nínú ilé, àmọ́ ó pọ̀ tó láti kó wọn wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ bo orí àti ọrùn, kí wọ́n di ẹsẹ̀ tábìlì mú títí yóò fi dúró. Lórí ibùsùn, kí wọ́n má dìde. Kí wọ́n dojú bolẹ̀, kí wọ́n fi ìrọ̀rí bo orí. Ẹ bá wọn ṣe é bí eré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí fóònù bá ń ké kọ́ ni kí wọ́n tó máa béèrè pé tábìlì wo. Ilé tí wọ́n fi amọ̀ tàbí bíríkì lásán mọ, tí kò ní irin nínú, ló yàtọ̀: bí ẹ bá wà nísàlẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà sì wà ní ẹsẹ̀ méjì sí yín, ẹ lè jáde. Ní ti èyí, ọ̀rọ̀ àwọn àjọ pàjáwìrì ìlú yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ní ti fóònù, ẹ wo ààtò rẹ̀, kí ẹ rí i pé ìkìlọ̀ pàjáwìrì wà ní ṣíṣí. Bí ìjọba ibẹ̀ bá ní áàpù tirẹ̀, ẹ gbé e sí i pẹ̀lú, torí ọ̀nà tí ìkìlọ̀ ń gbà wọlé kì í ṣe ọ̀kan: èyí tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń gbé jáde láti orí ọ̀pá wọn, èyí tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà nínú Android fúnra rẹ̀. Ọ̀kan lè fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ṣáájú èkejì, àwọn fóònù méjì tó wà lórí tábìlì kan náà sì lè má dún pọ̀. Tí áàpù bá fún yín láyè láti yan ìwọ̀n, ẹ má gbé e ga torí kí ariwo lè dín kù. Ẹ ti rí ohun tí ìwọ̀n gíga ṣe fún Taipei.

Bí ìmìtìtì ńlá bá sì ṣẹlẹ̀ nítòsí yín lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e ni fóònù máa ń ṣe ségesège jù. Ilẹ̀ á máa mì léraléra, níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà á sì máa da wọ́n pọ̀ mọ́ra, bó ṣe ṣe ní Japan lẹ́yìn oṣù Kẹta 2011. Ìgbà yẹn ni ìyàwó yín máa tún ní kí ẹ pa á, ìgbà yẹn náà sì ni ilé tó ti sán kò nílò ju ìmìtìtì kékeré kan lọ láti wó. Ẹ jẹ́ kó máa dún títí àwọn tó ń yẹ ilé wò fi máa sọ pé ẹ lè padà sínú tiyín.